Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ta Ló Borí Nínú Dìbéètì Yẹn?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lẹnìkan ń sọ, má rán ọmọdé sí i, má gba ẹnu aládùúgbò gbọ́, lọ bá a fúnra ẹ, kí ẹ jọ jókòó, kí o wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí wọ́n bá ti gbé dìbéètì àwọn tó fẹ́ ṣe ààrẹ sórí tíví, torí mi ò rí nǹkan míì tí dìbéètì wà fún ju kí aráàlú lè wo ojú ẹni tó ní òun fẹ́ ṣe olórí wọn. Àmọ́ ṣé ojú yẹn la máa ń wò lóòótọ́?

Amẹ́ríkà ni nǹkan yìí ti di àṣà, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ wò ó. Lọ́jọ́ 26 oṣù September 1960, Kennedy àti Nixon tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ kojú ara wọn ní Chicago. Nixon ò tíì pẹ́ tó kúrò ní ọsibítù, orúnkún ẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti rù, kóòtù aláwọ̀ eérú tó wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ dọ́gba (tíví ìgbà yẹn, dúdú àti funfun ni), òógùn wá ń yọ lágbọ̀n ẹ̀ lórí pàúdà tó fi bo irùngbọ̀n. Kennedy ní tiẹ̀ wọ kóòtù dúdú, ara ẹ̀ dá ṣáká, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà. Títí dòní wọ́n ṣì máa ń sọ pé àwọn tó gbọ́ ọ lórí rédíò ní Nixon ló borí, àwọn tó wò ó lórí tíví ní Kennedy ni. Ẹ rọra gba ìtàn yẹn o, ẹ̀rí tó wà nídìí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Àmọ́ òógùn àgbọ̀n yẹn, kò sẹ́ni tó gbàgbé ẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ bi ẹni tó bá mọ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 1976. Ford àti Carter, San Francisco, ọjọ́ 6 oṣù October. Ford, tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn, ṣàdédé ní àwọn Soviet (ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà yẹn) ò jẹgàba lé ìlà oòrùn Yúróòpù lórí, bẹ́ẹ̀ sójà wọn wà ní Poland lásìkò yẹn gangan. Oníròyìn tó bi í ní ìbéèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba etí ẹ̀ gbọ́, ó fún un láyè kó tún un sọ dáadáa, bàbá tún gbé e lé e. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn òǹwòran tí wọ́n pè lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà ò rí ẹyin kankan tó fọ́, àwọn tó ní Ford ló borí ló pọ̀ jù. Ó di ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn ti kọ ọ́, tíví ti sọ ọ́ sọ ọ́, wọ́n tún bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè kan náà, ló bá di Carter, ó sì fi rẹpẹtẹ jù ú lọ. Dìbéètì kan náà ni o! Mi ò ní ká má gbọ́ tàwọn oníròyìn, lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni wọ́n sọ, Ford ṣì í sọ. Àmọ́ ní 2000 ńkọ́, nígbà tí Gore àti Bush pàdé ní Boston? Àwọn tó wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà ní Gore ló ṣe dáadáa díẹ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni tíví wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ibi tí Gore ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí Bush ń sọ̀rọ̀, wọ́n gbé e síra wọn tẹ̀léra tẹ̀léra, mímí yẹn wá di gbogbo dìbéètì. Ọ̀rọ̀ kúrò lójú, ó bọ́ sẹ́nu ẹlòmíì.

Ní báyìí, a ò tiẹ̀ dúró de ọjọ́ kejì mọ́. Ní June 2024 tí Biden àti Trump kojú ara wọn ní Atlanta, aago méjì òru ni lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, kó tó lọ jìnnà fóònù ti ń ké, "ó ti rẹ bàbá yìí". Ìyẹn ò ṣòro láti rí sha, ohùn ẹ̀ ti há, ọ̀rọ̀ ń sọ nù mọ́ ọn lẹ́nu, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 21 oṣù July ó ti ní òun ò du ipò mọ́. Ti September wá yàtọ̀, Harris tó rọ́pò Biden ló kojú Trump. Trump ní àwọn àjèjì ń jẹ ajá onílé ní Springfield, ìlú kan ní Ohio, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n ti fi kọrin, ẹ̀gbọ́n kan ní grúùpù ẹbí wa wá kọ ọ́ gàdàgbà pé "ó ti parí, Harris ti wọlé", a bi wọ́n pé ṣé wọ́n wò ó, wọ́n ní rárá o, àwọn sùn ni, fídíò kékeré yẹn làwọn jí rí. CNN bi àwọn tó wò ó, ìdá 63 nínú 100 ní Harris ló ṣe dáadáa jù. Oṣù November dé, Trump wọlé. Àwọn ìdá 63 yẹn ò purọ́ o. Ta ló mọ̀rọ̀ọ́ sọ lálẹ́ yẹn ni wọ́n bi wọ́n. Ẹni tó ń ronú owó ilé àti owó oúnjẹ, ìbéèrè míì ló ń dáhùn nídìí àpótí ìbò.

Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ní 2011, Shekarau bá Buhari àti Ribadu ṣe dìbéètì, àwọn tó wò ó yìn ín gan-an, ó ní làákàyè, ó sọ̀rọ̀ geere. Ipò kẹrin ló ṣe nínú ìbò.

Torí náà ẹ̀yin àbúrò mi, tí òmíràn bá dé, ẹ pa dátà yín ná. Ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ kọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní òun máa ṣe sílẹ̀, àti ibi tó ti rí owó ẹ̀, àti ìbéèrè tó yẹ̀ sílẹ̀ fún, kí ẹ tó lọ kà pé ta ló borí. Tí ẹ bá sì rí i pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn ló yẹ ìbéèrè jù, ẹ má fi pamọ́ fún ara yín.

Àwọn tí kì í tiẹ̀ẹ́ wá rárá ló kù. Ní January 2019, wọ́n ṣe é l'Ábùjá, Buhari ò yọjú, Atiku dé ibẹ̀, ó ní nígbà tí Buhari ò ti sí òun náà ò ṣe, ó yíjú padà. Ezekwesili, Durotoye àti Moghalu ló dúró dáhùn ìbéèrè, a wò wọ́n, a pàtẹ́wọ́ fún wọn, a jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí ẹni tó sọ̀rọ̀ dáadáa jù nínú àwọn mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ka ìbò oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn méjì tí ò jẹ́ ká wo ojú wọn yẹn ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ.