Sìgá Kì Í Fọkàn Balẹ̀, Àwọn Oníṣègùn Ṣáínà Àtijọ́ Kò sì Sọ Bẹ́ẹ̀

Ẹnì kan tún ti gbé e dé lọ́sẹ̀ yìí: "Ewé ni tábà o. Láti ayébáyé làwọn ará Ṣáínà ti ń fi í ṣe oògùn. Nikotíìnì inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Àwọn òyìnbó ló sọ ọ́ di májèlé." Àwọn tó ń dá a lóhùn ń ṣe àmín, wọ́n ní bí wàhálà bá ti pọ̀, ọ̀pá kan péré, ara á tù wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò máa fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra àìbalẹ̀ ọkàn tó rò pé òun ń wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ayébáyé" yẹn kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti ṣẹ̀. Li Shizhen, oníṣègùn ará Ṣáínà, kó egbòogi 1,892 jọ sínú ìwé rẹ̀ Bencao Gangmu, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1596. Kò sí tábà nínú rẹ̀. Apá ìparí ìjọba Ming, ìran ọba tó ń ṣàkóso Ṣáínà nígbà náà, ni ewé náà tó dé Ṣáínà, láti erékùṣù Luzon ní Philippines sí etíkun Fujian. Danbagu ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ "tabaco", bí àwọn ará Sípéènì ṣe ń pe tábà, nínú rẹ̀, bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ nínú "tábà" tiwa. Àlejò ni níbẹ̀, àlejò ni níbí.

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn tó kọ́kọ́ jókòó kọ nípa rẹ̀ ni Zhang Jiebin, ní nǹkan bí 1624. Ó ní ó ń ta lẹ́nu, ó ń gbóná nínú ara, òkè ni ìrìn rẹ̀ ń lọ, èéfín rẹ̀ sì ń pa èèyàn bí ọtí. Ó yìn ín fún òtútù àti ọ̀rinrin. Ó tilẹ̀ sọ nípa àwọn ọmọ ogun tó wọ ilẹ̀ Yunnan, tí àìsàn ilẹ̀ olómi dá gbogbo wọn dùbúlẹ̀ àfi ibùdó kan ṣoṣo, ibùdó àwọn tó ń fa tábà. Ìtàn yìí làwọn tó gba ọ̀rọ̀ "ayébáyé" yẹn gbọ́ máa ń já gbà. Èyí tí wọn kì í já gbà ni ìkìlọ̀ tí Zhang fúnra rẹ̀ ṣe: ẹni tí iná inú rẹ̀ pọ̀, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tàbí tí èémí rẹ̀ kúrú tó sì ń làágùn púpọ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún un kà. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹni yẹn gan-an lẹ ń darí sídìí sìgá lónìí.

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro lójú ẹni tó bá mọ bí ìṣègùn wọn ṣe ń ronú. Ohun tó bá ta lẹ́nu máa ń tú nǹkan ká. Ohun tó bá gbóná máa ń gbé nǹkan gòkè. Lójú wọn, inú ọkàn ni ẹ̀mí ń gbé, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ló sì ń dì í mú kó má baà máa fò kiri. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọkàn aláìlèsùn balẹ̀, nǹkan bíi suanzaoren ni wọ́n ń sè fún un: hóró èso tó kan díẹ̀ tó sì dùn díẹ̀, tí kò gbóná tí kò sì tutù. Ewé tó ń ta, tó gbóná, tó ń gòkè, tó ń gbẹ omi ara, òdìkejì rẹ̀ ni nínú ìlànà tiwọn fúnra wọn.

Ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé egbòogi Wang Ang ti 1694 àti èyí tí Wu Yiluo gbé karí rẹ̀ ní 1757, wọ́n pè é ní olóró. Wọ́n ní èéfín rẹ̀ kì í gba ọ̀nà tí oúnjẹ àti oògùn ń gbà, pé ìṣẹ́jú akàn ló fi ń yí gbogbo ara po. Ó ń pa ẹni tí ojú rẹ̀ dá bí ọtí, ó sì ń dá ojú ẹni tí ọtí ń pa. Ó ń mú ẹni tí ebi ń pa yó, ó sì ń dá ebi sílẹ̀ fún ẹni tó yó. Àwọn èèyàn fi ń rọ́pò ọtí àti tíì, wọn kì í sì í yó o títí ọjọ́ ikú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní xiangsi cao. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, ewé àárò ni, ewé tí àárò rẹ̀ ń sọni. Ìwé náà wá fi kún un pé ooru iná rẹ̀ ń sun inú, ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀, ó ń gé ọjọ́ ayé kúrú, olúwa rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Àárò yẹn gan-an ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní wá rí, tó sì wọ̀n.

Nínú ọ̀pá sìgá kan, nikotíìnì bíi mílígíráàmù 10 sí 15 ló wà, ṣùgbọ́n mílígíráàmù kan sí méjì ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fà á. Láti ẹ̀dọ̀fóró, ó gba ọkàn kọjá, ó dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Àwọn ojú ihò kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí a dá fún acetylcholine, ońṣẹ́ tí ara fúnra rẹ̀ ń rán. Nikotíìnì jọ ońṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè jókòó síbẹ̀. Bó bá ti jókòó, dopamine, kẹ́míkà ìgbádùn inú ọpọlọ, á tú jáde, èèyàn á ní òun gbádùn. Lákòókò kan náà, adrenaline á tú jáde látinú ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín: ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní bíi ìgbà 10 sí 15 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè, òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ìka ọwọ́ á sún kì, ìka á sì tutù. Ẹ mú ọwọ́ lé ọrùn ọwọ́ amusìgá kí ó tó tan iná sí i, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún kà á lẹ́yìn tó bá fà á tán. Ara tó ń múra ìjà nìyẹn, kì í ṣe ara tó balẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi sọ pé ara tu òun? Nítorí pé láàárín wákàtí méjì péré, ìdajì nikotíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Ọpọlọ tí nikotíìnì ti mọ́ lára ti fi ojú ihò kún ojú ihò láti fi gbà á, àwọn tó ṣófo sì ti ń béèrè. Ìbéèrè yẹn ló ń jáde bí ìbínú, bí àìlèjókòó, bí àìlèronú sójú kan. Ó fa ọ̀pá kan, ìbéèrè náà dákẹ́, ó ní sìgá ló fọkàn òun balẹ̀. Sogún-dogójì ni. Ẹni tó yá ọ lówó ló tún ń gba èlé lọ́wọ́ rẹ, ìwọ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó jẹ́ kí o sinmi lónìí. Ìdí tí ọ̀pá àkọ́kọ́ òwúrọ̀ fi ń dùn ju gbogbo èyí tó kù lọ nìyẹn: gbogbo òru ni gbèsè ti ń gun ara wọn.

Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni sìgá ń wo àìbalẹ̀ ọkàn, ẹni tó jáwọ́ yẹ kó máa bàjẹ́ sí i. Ní 2014, wọ́n kó àbájáde ìwádìí 26 jọ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Wọ́n yẹ ọkàn àwọn amusìgá wò kí wọ́n tó jáwọ́, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi wé ti àwọn tí kò jáwọ́. Ìpayà dín kù lára àwọn tó jáwọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dín kù, wàhálà dín kù, inú wọn sì dùn sí i. Ìyàtọ̀ náà tó èyí tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tí àìsàn ọpọlọ ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í ṣe kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti pín àwọn èèyàn náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara àwọn kan ti ń yá kí wọ́n tó jáwọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwádìí kan hàn mí tó lọ sí apá kejì.

Àwọn tó bá rí i pé ibẹ̀ kò gbà wọ́n á sá lọ sí ọ̀dọ̀ sìgá elégbòogi, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ṣáínà pẹ̀lú ewé àti gbòǹgbò tí wọ́n pò mọ́ tábà, tí wọ́n ní kì í pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ní 2009, àwọn olùwádìí tí Neal Benowitz àti Stanton Glantz wà nínú wọn gba ìtọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń fa irú rẹ̀ àti ti àwọn tó ń fa sìgá lásán. Wọ́n wá cotinine nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tí ara ń sọ nikotíìnì dà, wọ́n sì wá NNAL tó ń tọ́ka sí kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí ìyàtọ̀ gidi. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu: ewé yòówù tí a bá ti dáná sun, ọ̀dà àti gáàsì carbon monoxide ló máa mú jáde, ì báà jẹ́ ginseng, gbòǹgbò oògùn Ṣáínà tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀.

Àwọn mìíràn á tún ní tábà ń fọ àyà mọ́. Zhao Xuemin, oníṣègùn ìgbà Qing, ìran ọba tó jẹ lẹ́yìn Ming, ti dá wọn lóhùn. Ó kọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń wúkọ́ láràárọ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ki máa ń bo ilẹ̀, fún ohun tó lé ní ọdún kan. Wọ́n rò pé àìsàn àgbà ni, pé oògùn kò lè ràn án. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà ṣíwọ́ tábà. Láàárín oṣù kan, ikọ́ lọ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ, oúnjẹ tó ń jẹ di ìlọ́po méjì.

Àwọn kan á ní ṣebí abẹ́rẹ́ Ṣáínà ń gba èèyàn lọ́wọ́ sìgá. Ojú márùn-ún lára etí ni wọ́n sábà ń gún, tí wọ́n sọ lórúkọ báyìí: shenmen, sympathetic, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè mú kí ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ rọrùn. Àtúnyẹ̀wò ti 2014 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó àbájáde ìwádìí ìṣègùn jọ, kò rí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń mú kí èèyàn ṣì wà láìfa sìgá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹni tó fẹ́ jáwọ́, ohun tó wúlò fún un ni kó mọ ìgbà tí àárò náà máa ń le. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń ga jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sídìí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n á ní "mo ti gbìyànjú, ara mi kò gbà á", nígbà tó jẹ́ pé orí òkè gan-an ni wọ́n wà, tó ku ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹni tó ń fa ju ọ̀pá 10 lọ lóòjọ́ lè lo nikotíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara: mílígíráàmù 21 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 14 fún ọ̀sẹ̀ méjì, 7 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa yí ojú ibi tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ ara á máa yún. Bí àlá bá ń da oorun rú, ẹ ṣí i kúrò kí ẹ tó sùn. Ẹni tó bá yan ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, tó sì jẹ́ pé kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jí tó fi ń tan ọ̀pá àkọ́kọ́, ti mílígíráàmù 4 ni kó mú. Àwọn tó kù á mú 2. Ibi tí èyí tó pọ̀ jù ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi máa ta lẹ́nu, kí ẹ wá fi í há àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbà á wọlé. Èyí tí ẹ bá gbé mì, inú ló máa run, òsúkè ló máa fà. Ẹ má mu kọfí, ọsàn tàbí mínírà ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, nítorí ohun kíkan kì í jẹ́ kí ẹnu gba nikotíìnì. Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra èyíkéyìí.

Ohun kan tún kù tí ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ọ̀dà inú èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ kaféènì, ohun inú kọfí àti tíì tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, túútúú. Bí èèyàn bá jáwọ́, ẹ̀dọ̀ á padà sí ìrìn rẹ̀, kọfí tàbí tíì kan náà tó ń mu tẹ́lẹ̀ á sì pẹ́ lára rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun kò ní wá, àyà á máa lù kìkì, á sì ní àìsí sìgá ni. Kí ó dín kọfí tàbí tíì náà kù sí ìdajì láti ọjọ́ tó bá ti jáwọ́.