Fìtílà Tíṣà ní Pópó Àgùdà

Mo gbọ́ oníwàásù kan lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òrìṣà ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń bọ, ká má jẹ́ kí ọmọ wa sún mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi ní ìṣirò.

Ọmọ Sri Lanka ni. Láyé Gómìnà Jákáńdè tí ilé ìwé ń pọ̀ sí i l'Ékòó, olùkọ́ láti Gánà, Íńdíà àti Sri Lanka kò wọ́n. Ó gba yàrá kan nílé Ìyá Àgbà wa nítòsí gbàgede Campos ní Pópó Àgùdà. Tíṣà la máa ń pè é. Nígbà tó rí i tí a dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó ní nílùú tàwọn náà, ọmọ a máa kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ òbí àti olùkọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun náà ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, títí a fi kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀.

Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja. Bí èèrà bá bo ṣúgà rẹ̀, á tẹ́ bébà sílẹ̀, á rọra máa fẹ́ wọn títí wọ́n á fi bọ́ sórí bébà, á wá gbé wọn lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo ti jókòó tì í lọ́pọ̀ ìgbà, gààrí wà níwájú mi, mi ò lè bu ṣúgà kó tó ṣe tán.

Lọ́jọ́ Gúdù Fúráídè, ìyá mi bu frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, fún un láìfi ọbẹ̀ ẹja sí i. Ó tọ́ ọ wò, ó dákẹ́ lọ. Ó ní omi àgbọn ni ìyá òun náà fi ń se ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan nílé.

Ìyá Àgbà bi í léèrè: "Tíṣà, ṣé Búdà yìí ni Ọlọ́run yín?"

"Rárá, Mà. Ènìyàn ni. Olùkọ́ ni."

Ó ka òfin márùn-ún wọn fún un: má pa ohun ẹlẹ́mìí, má jalè, má ṣàgbèrè, má purọ́, má mutí. Ìyá Àgbà ní mẹ́rin ti wà nínú katikísímù tiwa. Tíṣà kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí pé kó yí ẹ̀sìn padà. Àárọ̀ Àìkú, òun ló ń di Ìyá Àgbà lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn kọ́kọ́ bá ẹlẹ́sìn náà jẹun.

Lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú kan nínú oṣù Karùn-ún, ó fi ọparun tín-ín-rín àti bébà funfun ṣe fìtílà, ó tan àbẹ́là sínú rẹ̀. Ó ní alẹ́ yẹn làwọn fi ń rántí ìbí Búdà, ìgbà tí ojú inú rẹ̀ là, àti ikú rẹ̀. NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Gbogbo ọmọ àdúgbò pé sí àgbàlá wa.

Lẹ́yìn 1986, tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé tí náírà sì já, owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé kò tó nǹkan mọ́. Ó padà sílùú rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé fìtílà náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Màríà nínú yàrá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kàn án.