Ìlà Oòrùn Ni Kí Ẹ Kọjú Sí

Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, mo kọ ọ́ sí orí WhatsApp àdúgbò wa pé kí ẹni tó bá sá aṣọ lọ kó o, kí ẹni tó bá sì fẹ́ jáde lọ sí Ìwó Road ní sùúrù di aago mẹ́fà, nítorí pé òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ifẹ̀ kì í ṣe òjò wẹliwẹli. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí aládùúgbò mi kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́: oòrùn kékeré kan tí ìkùukùu bò lójú díẹ̀, àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn bí áàpù ojú ọjọ́ ṣe rò pé ó ṣeé ṣe tó kí òjò rọ̀. Ohun tó kọ tẹ̀ lé e ni pé, "Bàbá Tọ́mi, ẹ jẹ́ kí ará àdúgbò sinmi." Àwọn mẹ́sàn-án ló fi ẹ̀rín sí i. Kí ó tó di aago márùn-ún, ìjì ti ṣí páànù kan kúrò lórí ibi tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ó sì ti gbé e sọ sínú ọgbà ilé ìwé tó wà lẹ́yìn wa. N kò fi ẹ̀rín sí i. Mo dúró bóyá yóò sọ nǹkan kan, kò sọ ọ́. Òwúrọ̀ yìí ló tún fi àwòrán ti òní ránṣẹ́, ìyẹn 60, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ti sú mi. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá, ojoojúmọ́ ni fóònù ń ya ìkùukùu àti mọ̀nàmọ́ná sí orí Ìbàdàn, bí ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá ń pariwo olè lójoojúmọ́, olè yóò wá lọ́jọ́ kan. Àwọn èèyàn rò pé ẹnì kan ló gbójú sókè wo ọ̀run wa kó tó kọ 20 tàbí 60. Kò sí ẹni tó wò ó. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ní ìlú òkèèrè ló pín gbogbo ayé sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tó ń ṣírò ohun tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nínú igun kọ̀ọ̀kan; igun kan nínú ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n máa ń yìn jù, fẹ̀ tó kìlómítà 9, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì tó 13. Ẹ̀yin tó ń gbé Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé òjò lè pa ará Bódìjà dé egungun kí ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá máa bu omi wọ́n eruku. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kò kún igun kan, kọ̀ǹpútà kò lè rí i, àfi kó dábàá rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, tẹ ìwádìí jáde lórí òjò apá ibi tiwa yìí ní Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé àsọtẹ́lẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kí èèyàn ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ọdún tó ti kọjá, kó sì ka iye ìgbà tí òjò máa ń rọ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bàbá àgbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ní òjò yóò rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nítorí pé oṣù Kẹrin la wà, òun àti kọ̀ǹpútà ń dọ́gba. Àwọn kan yóò ní wọ́n ti tún un ṣe láti ìgbà náà. Ó dáa, kí wọ́n lọ gbé páànù wọn.

Mo ti ń tọpa òjò tó ọdún mẹ́fà báyìí. Fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ọkọ̀ lé ìjì kiri ní Oklahoma àti Kansas ni ó kó bá mi, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Ìwọ̀ oòrùn ni ìjì tiwọn ti sábà máa ń wá, nítorí náà ní ọdún àkọ́kọ́, bí ojú ọjọ́ bá ti yí padà, n óò dúró sí bákónì tó kọjú sí ọ̀nà Ológùnẹ́rù, n óò máa retí, òjò yóò sì ti ẹ̀yìn dé bá mi, yóò gbá mi ní ìpàkọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Atẹ́gùn olómi tó ń bọ̀ láti òkun máa ń fẹ́ nísàlẹ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, àmọ́ bí èèyàn bá gòkè tó kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, atẹ́gùn mìíràn wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, èyí ló sì ń ti ìjì wa láti Iléṣà sí Ifẹ̀, láti Ifẹ̀ sí Ìkirè, kó tó gba Ẹgbẹ́dá wọlé sí wa lára. Àsìkò náà yàtọ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń lé ìjì jù. Tiwa máa ń le jù nígbà tí òjò bá ń wọlé, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti nígbà tó bá ń palẹ̀ mọ́ lọ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní rédà bíi 160, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rí òjò láti ọ̀nà jíjìn, tó ń bojú wo ìlú wọn káàkiri. Ohun tí mo ní ni sátẹ́láìtì Meteosat, tó dúró ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè odò òkun tó wà ní gúúsù wa, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ní dátà àti sùúrù. Èyí tó jẹ́ tuntun nínú wọn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Orí ìkùukùu tó tutù jù ni mo máa ń wá nínú rẹ̀, nítorí pé ìkùukùu tó bá ga tó kìlómítà 15, tí orí rẹ̀ sì tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, kì í ṣe eré ló wá ṣe. Bí mo bá ti rí ibi tó wà láàárín àwòrán méjì, n óò mọ bó ṣe ń sáré sí. Ti àná ń sáré tó kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Láti Ifẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kò ju kìlómítà 75 lọ bí ẹyẹ bá fò ó. Ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni.

N kò sì ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Mo gbádùn ìgbà tí àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí fò wálẹ̀ wálẹ̀ níwájú ìjì, tí òórùn ilẹ̀ tó tutù ní ibòmíràn bá kọ́kọ́ dé sí wa nímú kí omi kankan tó kán, tí eruku bá gbéra láti ẹ̀bá títì, tí gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, Tọ́mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí kà sókè títí àrá yóò fi sán, yóò pín in sí mẹ́ta, yóò sì sọ iye kìlómítà tó jìnnà sí wa. Mo ní ike tí mo fi ń wọn òjò lẹ́yìn ilé. Mìlímítà 41 ló gbà lánàá. Bí òrùlé yín bá fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá ní ìbú àti mẹ́wàá ní òró, lítà 4,100 ló dà lé e lórí, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tó 164, kí ẹ tó ka ti aládùúgbò, kí ẹ sì tó béèrè ibi tí gbogbo rẹ̀ ń ṣàn gbà.

Mo ní ẹ̀bi tèmi náà, n kò sì tíì kọ ọ́ sí ibì kankan rí. Ìyá kan wà ní ojúlé kẹta sí tiwa, tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti ń bọ iṣu, ibẹ̀ náà ló ń sá gbodo sí, lórí tàpólì ńlá kan. Láti ìgbà tí mo ti sọ òjò kan fún un tẹ́lẹ̀, tí ó sì rọ̀ ní wákàtí tí mo dá, kì í sá gbodo mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ké sí mi láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: "Bàbá Tọ́mi, kí lojú ọ̀run wí?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, gbodo rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn, ó ti gbẹ dé inú, bí a bá fi ọ̀kan lu èkejì, ó ń dún kẹ́kẹ́. Ó rí i pé òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀nà Ẹgbẹ́dá, ó sì pè mí. Mo wo fóònù. Ìjì náà wà láàárín Ìwó àti Ìkirè, àmọ́ ó ti ń fà ya. Ibi tó funfun láàárín rẹ̀ ti ń di eléérú, irú èyí tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà tó kú sí Àsẹ́jírẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, òjò yẹn ti ń kú, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa." Ó gbójú sókè, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ó ní, "Atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ yìí ńkọ́?" Mo ní èémí ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ohun tí mo mọ̀ nínú ìwé, tí n kò rántí lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ni pé òjò tó ń kú kì í kú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ tí omi òjò ti mú tutù yóò wálẹ̀ gbì, yóò sì tàn kálẹ̀ bí omi tí a dà sórí sìmẹ́ńtì, yóò máa sáré lọ níwájú, ibi tó bá sì ti bá ooru àti ọ̀rinrin pàdé ni yóò ti wọ abẹ́ wọn, tí yóò gbé wọn sọ sókè. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Ìbàdàn ti ń gbóná bí ààrò oníbúrẹ́dì. Òjò tó pa gbodo ìyá kò wá láti Ẹgbẹ́dá rárá, orí òrùlé tiwa ni wọ́n ti sè é, kò sì sí nínú àwòrán tí mò ń wò, nítorí pé àwòrán náà ti pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó ṣí i. Kò pé ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tí àrá àkọ́kọ́ fi sán. Mo fo fẹ́ǹsì. Èmi, ìyá, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì di etí tàpólì mú, à ń fà á, àmọ́ omi ti kó jọ sí àárín rẹ̀, ó ti wúwo, gbodo sì ti ń léfòó nínú rẹ̀, ó ń yí po. Mo ń fi ọwọ́ kó o sínú abọ́. Ní ọjọ́ kẹta, èyí tó kù nínú rẹ̀ ti dúdú, ó ti bu.

Ìyá kò bú mi. Ó ní, "Òjò Ọlọ́run ni, ta ló lè mọ̀ ọ́n." Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, àmọ́ ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Mo gbé owó fún un, ó mú ìdajì, ó dá ìdajì padà, kò sì pè mí láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ wo ohun tí áàpù tí mo máa ń bú sọ fún ọjọ́ náà. 55 ló wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 55 yẹn ni mo kà fún un, ì bá ti palẹ̀ gbodo rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ oṣù Kẹjọ náà ń dùn mí lọ́kàn. A máa ń sọ pé òjò máa ń sinmi ní oṣù náà, ó sì máa ń sinmi lóòótọ́ lọ́pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, Sunday, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ni omíyalé odò Ògùnpa níbí ní Ìbàdàn gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Friday, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ni òjò tó lé ní mìlímítà 180 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, tó wó afárá lulẹ̀, tó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi òrùlé àná ṣírò rẹ̀. Ti Ògùnpa kì í ṣe ìjì tó sáré wá láti Ifẹ̀, tó ṣí páànù, tó sì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Òjò tó jókòó ni, tó ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láì gbéra. Bí irú rẹ̀ bá tún fẹ́ dé, n kò mọ̀ bóyá ìlà oòrùn tí mò ń sọ pé kí ẹ kọjú sí ni a ó ti rí i.

Kò jọ pé ti àná yìí ti kọjá létí ìyá lásán, nítorí pé ní òwúrọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ka 60 ti aládùúgbò mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ti tẹ́ tàpólì, ó ti da gbodo lé e, ìwọ̀nba kékeré tó kù nínú ti ọdún yìí. "Bàbá Tọ́mi, kí lojú ọ̀run wí?" Mo wo ìlà oòrùn, ó mọ́ kedere. Mo na ọwọ́ síta, atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Mo ṣí àwòrán: ìkùukùu kan wà lẹ́yìn Iléṣà, kò ju ẹyọ àgbàdo lọ, n kò sì mọ ohun tó fẹ́ dà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí àwòrán mìíràn dé. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ìyá ti ń ká tàpólì.