Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ẹ̀yìn ló wà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí Volkswagen tún gbé Ìjàpá, mọ́tò Beetle àtijọ́ yẹn, jáde, ṣebí wọ́n ti gbé e jáde rí? New Beetle tó dé ní 1997 yẹn, ara Golf, mọ́tò Volkswagen mìíràn, ni wọ́n gbé ẹ̀wù Ìjàpá wọ̀, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, wọ́n wá fi igò òdòdó kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Ó rẹwà o, mi ò jiyàn. Àmọ́ èyí àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó ní 1975, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò sí rédíétọ̀ tó máa jò, mẹkáníìkì tó ní sípánà díẹ̀ á tú u á sì tún un tò. Tí wọ́n bá máa gbé e dé, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ èyí tí tíṣà lè rà.