Èsì wa sí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ yà sọ́dọ̀ wa, ẹ sì ṣé fún ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún tí ẹ fi ta ṣọ́ọ̀bù wa tó ń tún ẹ̀rọ CD ṣe lọ́rẹ. Ohun tí ẹ kọ ni pé a gbowó lọ́wọ́ yín, pé ẹ̀rọ CD yín ò tíì lò tó oṣù kan tó tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àti pé a dá ihò sára àwo ọjọ́ ìbí 70 ọdún ìyá yín. Nítorí àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó gbé ẹrù wá bá wa ní Mọ́kọ́lá, a ò ní lè dákẹ́.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta lẹ gbé e wá. Ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù kọ ọ́ sí rìsíìtì, ẹ sì fọwọ́ sí i: ẹ̀rọ kan, àwo mẹ́sàn-án, “ọ̀kan ti bó lókè, sẹ́lótéèpù wà lára rẹ̀.” Àwo ìyá yín ni ọ̀kan yẹn, ẹ ò sì mẹ́nu bà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé apá ìsàlẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà ni orin wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo CD nípọn tó mìlímítà 1.2, òkè pátápátá lorin sì wà, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Irin fẹ́lẹ́ tó ń dán àti fáníìṣì tín-ín-rín nìkan ló bò ó. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ fi lè ha díẹ̀ kó sì ṣì máa kọrin, àmọ́ tí ẹ bá lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ òkè, tí ẹ wá fà á já, irin yẹn máa bá a lọ. Ọmọ iṣẹ́ wa gbé àwo náà síwájú gílóòbù lójú yín. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ bí ojú abẹ́rẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fọ̀. A ní ká da èyí tó bá ṣì kà sórí flash, ẹ ní ká sáà fọ̀ ọ́.

A sì fọ̀ ọ́: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo olómi ẹ̀kán kan, aṣọ rírọ̀ bíi ti awò ojú. Láti ihò àárín lọ sí etí la ń nù ún, ní tààrà, a kì í nù ún yípo. Yípoyípo lorin fúnra rẹ̀ wà. Bí ojú ibi tó ha bá dábùú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ lè fi ohun tó kù dí àlàfo náà. Bó bá bá orin rìn lọ, ohun tó sọnù á pọ̀ jù. Tínà àti asítónì, ẹ má tiẹ̀ dán an wò, ike yẹn máa ṣú. Kéèyàn fi etí bùbá nù ún náà ò dáa, a sì sọ fún yín.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Eruku ọyẹ́ ti bo lẹ́ńsì rẹ̀, gírísì ojú irin tí ojú lésà (ibi tí iná tó ń ka àwo ti ń jáde) ń gbà rìn sì ti gan. Inú ni CD ti ń bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ síta, ìyẹn ló ṣe ń kọ orin àkọ́kọ́ dáadáa, tó wá ń fò nígbẹ̀yìn. Ọ̀gá tó ṣe é fi òwú tó rin fún ọtí ìnu-ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní isopropyl 99% kan lẹ́ńsì náà fẹ́ẹ́rẹ́, torí orí wáyà tín-ín-rín ló rọ̀ sí. (Àwo olóbúrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tà lọ́jà lè gbá a bà jẹ́, àwa kì í lò ó.) Ó nu irin, ó fi gírísì funfun díẹ̀ sí i, ó sì pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń ṣílẹ̀kùn. ₦8,500 ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, àwo kan kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lójú yín.

Nǹkan kan tún wà. Kọ́ńtíróòlù kékeré kan wà lára ojú lésà tí wọ́n ń fi síkúrùdíráfà yí, òun ló ń sọ bí iná rẹ̀ ṣe máa lágbára tó. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti ọ̀dọ̀ wa jáde la máa ń kán kútẹ́ẹ̀sì pupa sí i lórí. Nígbà tí ẹ gbé tiyín padà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, kútẹ́ẹ̀sì ti fọ́ sí méjì. Ẹ ní “ẹnì kan ládùúgbò ló bá mi wò ó díẹ̀.” Ẹni tó bá yí i sókè máa rí i pé ẹ̀rọ á máa ka àwo bíi tuntun fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà lésà á jó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín gan-an nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ gbé e wá. Ẹ ra ojú lésà tuntun, a ò ní gbowó iṣẹ́. A ó sì da èyí tó bá kà nínú àwo ìyá yín sórí flash lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ará àdúgbò yẹn dání. A fẹ́ gbowó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.