Ṣé kí n overclock GTX 1060 mi, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Géèmà_Bódìjà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. GTX 1060 oní-6GB ni káàdì tó ń ya àwòrán géèmù nínú kọ̀ǹpútà mi, tòkunbọ̀ ni mo rà á, mọ́nítọ̀ mi sì jẹ́ ti 60 Hz, ìyẹn ni pé àwòrán 60 ló lè fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn géèmù àtijọ́ ń lọ geerege lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ń gbá àwọn tuntun, tí mo sì wọ àárín ìlú tí èrò pọ̀ sí nínú wọn, férémù (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) a já láti 60 sí bíi 50, àwòrán á sì máa fà. Mo ti gbé MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń wo káàdì tí wọ́n sì fi ń yí ìṣètò rẹ̀ padà, sórí kọ̀ǹpútà mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé káàdì náà máa ń gbóná dé 83°C. Bí mo bá overclock rẹ̀, ìyẹn kí n mú un sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣètò rẹ̀ lọ, ṣé férémù mẹ́wàá yìí lè padà wá, àbí mo kàn fẹ́ fi káàdì mi ṣòfò ni? Mi ò ní owó òmíràn lọ́dún yìí.

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Àbúrò, overclock rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Gbé ibi tí wọ́n kọ Power Limit (òpin iná tí káàdì lè jẹ) sí dé òpin, fi 100 MHz kún Core Clock (ìyára ṣíìpù), kí o sì fi 400 MHz kún Memory Clock (ìyára mẹ́mórì). Mẹ́mórì ni kí o mú ní ọ̀kúnkúndùn jù, nítorí pé ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ ṣíìpù 1060 kò ju bíìtì 192 lọ, 192 GB péré ló sì lè gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni géèmù tuntun ti ń há sí.

Ṣadé_ń_wò
Pẹ̀lú 83°C yìí, àgbàdo ló kù kí ẹ gbé lé káàdì náà lórí, gbogbo wa á sì wá jẹ níbẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_88
Ibi tí o ti kọ "tòkunbọ̀" ni mo ti dúró, mi ò kà á síwájú mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, pa ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi káàdì wa owó rẹ̀ tì (ìyẹn kí káàdì máa ṣe ìṣirò kí ẹni tó ni ín lè rí owó náà gbà), láti ìgbà náà sì ni àwọn tó ń wà á ti ń da káàdì wọn sọ́jà. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún púpọ̀ kó tó dé Nàìjíríà. Káàdì tí wọ́n ti fi wa owó kò yẹ ní ohun tí èèyàn ń overclock.

Wáàtì_Kékeré
Má tíì fi nǹkan kan kún un, àbúrò. Láti ọdún 2012 tí GTX 680 ti jáde ni NVIDIA ti fi GPU Boost sínú àwọn káàdì wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí káàdì máa wo ooru ara rẹ̀ àti wáàtì tó ń jẹ, kí ó máa fúnra rẹ̀ gbé ìyára sókè nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, kí ó sì máa dín in kù bí ó ṣe ń gbóná. 83°C tí o rí yẹn kì í ṣe èèṣì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ní kí 1060 máa fà sẹ́yìn. Ohunkóhun tí o bá fi kún un lónìí, ooru yóò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ kí o tó gbá géèmù náà jìnnà.

Undervolt ni kí o ṣe, ìyẹn ni pé kí o dín fóltéèjì ṣíìpù kù. Tẹ Ctrl àti F nínú Afterburner, wàá rí ìlà tó fi ìyára wé fóltéèjì. Gbé ibi tó wà ní 0.9 V dé nǹkan bí 1800 MHz, kí o sì mú kí gbogbo èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Bí iná tí ṣíìpù ń jẹ ṣe rí ni pé a ó fi fóltéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì tún fi ìyára sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, nítorí náà, ẹni tó bá ti 1.05 V bọ́ sí 0.9 V lórí ìyára kan náà ti yọ ohun tó lé díẹ̀ ní ìdámẹ́rin kúrò nínú iná tí iṣẹ́ ń jẹ. Káàdì á tutù, ìyára rẹ̀ á sì dúró lójú kan.

Fólúkẹ́_Manchester
Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ti bi í pé processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wo ló ń lò? Ó ní àárín ìlú tí èrò pọ̀ sí ni férémù ti ń já. Èrò tó ń rìn kiri, mọ́tò tó ń yà, ẹni tó ń sá fún mọ́tò, processor ló ń ṣírò ìrìn gbogbo wọn kí káàdì tó rí ohun tó máa yà. Àbúrò, wo ibi tí Afterburner kọ GPU Usage (bí iṣẹ́ káàdì ṣe pọ̀ tó) sí nígbà tí férémù bá ń já. Bí ó bá wà ní 97 tàbí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, káàdì ló ń jìyà. Bí ó bá wálẹ̀ sí 70, káàdì ń dúró de processor ni, kò sì sí MHz tí wọ́n lè fi kún káàdì tí yóò yanjú rẹ̀.

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Ọ̀gá Wáàtì, ọmọ yìí ń béèrè bí férémù ṣe máa pọ̀, ẹ̀yin ń sọ bí iná ṣe máa kéré. Tí ó bá fẹ́ dín owó iná kù, kò ní ra káàdì géèmù rárá.

Wáàtì_Kékeré
Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 1708 MHz ni NVIDIA kọ fún 1060 gẹ́gẹ́ bí ìyára tó yẹ kó máa bá ṣiṣẹ́. 100 MHz lórí rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Kí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ di férémù láìku ìkankan, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀, 50 yóò di 53 péré. Férémù mẹ́ta yìí ni ẹ fẹ́ kí ó torí rẹ̀ sọ káàdì di ààrò?

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Ẹ fo mẹ́mórì nínú ìṣirò yín, mo sì mọ ìdí tí ẹ fi fò ó. Nǹkan bí 4000 MHz ni Afterburner máa ń kọ fún mẹ́mórì 1060. 400 lórí rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 192 GB sì ti di 211 nìyẹn. Mẹ́mórì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fi ooru kún ṣíìpù. Àbúrò, gbé mẹ́mórì sókè.

Wáàtì_Kékeré
Mẹ́mórì GDDR5, irú èyí tó wà lórí 1060, ní ọ̀nà tó fi ń mọ̀ bí dátà bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, yóò sì tún un rán. Èyí ni kì í jẹ́ kí àwọn tó gbé e ga jù mọ̀ pé nǹkan ti wọ́. Wọn kò ní rí àbàwọ́n kankan lójú mọ́nítọ̀, inú wọn á sì dùn, nígbà tí mẹ́mórì ń fi àkókò rẹ̀ rán ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà ń gòkè, férémù ń wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò gbọ́dọ̀ máa fi 50 MHz kún un díẹ̀díẹ̀, kí ó máa wọn férémù ní ojú kan náà nínú géèmù kan náà, kí ó dúró níbi tí àlékún bá ti tán. Ẹ̀yin kàn ju 400 sí ọmọ ọlọ́mọ.

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Ìwọ ni o kò mọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò. 400 kì í ṣe nǹkan fún 1060.

Wáàtì_Kékeré
Ẹ má pè mí ní ìwọ. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Káàdì méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà kì í gba àfikún kan náà, àwọn kan ní mẹ́mórì Samsung lára, àwọn kan ní ti Micron tàbí Hynix, nọ́ńbà tó dúró lórí tiyín lè ré káàdì rẹ̀ lulẹ̀.

Àgbà_1998
Ohun tí ẹ ń bá ara yín jà lé lórí kò tó ìjà. Ní ọdún 1998, Intel gbé Celeron 300A jáde. A ó yí ìyára ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù láti 66 MHz sí 100 MHz, processor oní-300 MHz á sì di oní-450, ó ń ṣe bẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pentium II tó gbówó lórí jù ú lọ fíìfíì. Ìdajì ìyára rẹ̀ lórí rẹ̀ ni èèyàn ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, ilé iṣẹ́ ti fún un tán kó tó dé ọwọ́ yín, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣẹ́ kù ni ẹ ń jà lé lórí. Mi ò rí ìdí tí ọmọdé ìwòyí fi ń da ara rẹ̀ láàmú.

Ṣadé_ń_wò
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ṣé Celeron yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Àgbà_1998
Ó wà. Ó ṣì ń tàn.

Alátùnṣe_Ìkẹjà
Géèmà, fi gbogbo wọn sílẹ̀ ná, kí o tú káàdì náà. Èmi ń ṣiṣẹ́ nínú Computer Village, ohun tí mo máa ń bá nínú 1060 tòkunbọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn. Tí mo bá yọ irin tó ń gba ooru kúrò lórí ṣíìpù, thermal paste tó yẹ kó rọ̀ láàárín wọn á ti gbẹ, á máa já sí mi lọ́wọ́ ní ègé-ègé. Eruku á ti dí àlàfo àárín àwọn abẹ irin náà débi pé tí mo bá gbé e sókè sí gílóòbù, mi ò ní rí ìmọ́lẹ̀ láti òdì kejì. Fáànù kan á máa yí, èkejì á kàn máa gbọ̀n lójú kan. Ẹni tó ń fi MHz kún irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ohun tó ní lọ́wọ́.

Fi ìka di fáànù mú kí o tó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, torí bí ó bá sáré jù lábẹ́ afẹ́fẹ́, bíárìn rẹ̀ lè bàjẹ́. Fi sípírítì nu ṣíìpù náà títí yóò fi dán, kí o fi thermal paste tuntun díẹ̀ sí àárín rẹ̀, kí o sì máa de àwọn ìdè rẹ̀ ní ìdàkejì sí ìdàkejì, má ṣe de ẹgbẹ́ kan tán kó tó kan èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí o padà wá wo ooru rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_88
Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti fi wa owó.

Alátùnṣe_Ìkẹjà
Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa owó ló ń dín iná káàdì wọn kù kí èrè wọn lè pọ̀, fáànù wọn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú, ṣíìpù wọn á ṣì dára. Káàdì ọmọ iléèwé kan tó ń gbóná, tó ń tutù lójoojúmọ́ nínú yàrá tí kò sí fèrèsé tó dára, lè burú ju ti awaowó lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_88
Wọ́n ti fi wa owó, mi ò ní gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáàtì_Kékeré
Ẹ gbọ́ ohun tí oníṣẹ́ ń sọ. Láti ọdún 1969 ni James Black ti kọ ìṣirò tó fi hàn pé àwọn wáyà tín-ín-tín inú ṣíìpù máa ń jẹ tán kíákíá bí iná tó ń gba inú wọn bá ṣe pọ̀ tó, àti bí ara wọn bá ṣe gbóná tó. Ọmọ yìí ti sọ fún wa pé òun kò ní owó òmíràn. Kí ló dé tí a fi ń gbà á nímọ̀ràn bí ẹni tó ní mẹ́ta nílé?

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Ẹ ń fi ìṣirò dẹ́rù ba ọmọdé. NVIDIA ti ti fóltéèjì 1060 mọ́ nǹkan bí 1.09 V, kò sí bí Afterburner ṣe lè mú un kọjá ibẹ̀. Bí ìyára bá ga jù, ojú mọ́nítọ̀ á dúdú, Windows á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, á tún dráífà (ètò tó ń darí káàdì) gbé dìde, o ó sì padà sí nọ́ńbà tó kéré sí i. Káàdì kò jóná, ilé kò jó. Mo tún un sọ: fi 100 kún Core, fi 400 kún mẹ́mórì, gbé Power Limit dé òpin.

Fólúkẹ́_Manchester
Power Limit dé òpin, nínú yàrá wo? Yàrá tí mo ti ń gbá géèmù tutù débi pé mo máa ń wọ súwẹ́tà. Nọ́ńbà tí àwọn ará òkè òkun ń gbé jáde, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ yàrá Ìbàdàn bá fi 12°C gbóná ju tèmi lọ, káàdì náà yóò fi bíi 12 gbóná ju tèmi lórí iṣẹ́ kan náà, àfi bí fáànù bá sáré sí i. Mo sì ń dúró kí ó sọ GPU Usage rẹ̀ fún wa.

Géèmà_Bódìjà
Àǹtí, mo ti wò ó. Ní àárín ìlú, ó wà láàárín 68 sí 74. Tí mo bá jáde sínú igbó, ó padà sí 98, férémù sì ń gòkè dé 60. Processor mi jẹ́ Core i5 oní-kóòrì mẹ́rin, àtijọ́ díẹ̀ ni.

Fólúkẹ́_Manchester
Ìdáhùn rẹ nìyẹn, àbúrò. Processor rẹ ló há níbẹ̀. Wọ ibi ìṣètò géèmù náà, dín iye èrò kù, dín bí ojú ṣe ń ríran jìnnà kù, kí o fi ìyókù sílẹ̀ ní bó ṣe wà. Tún fi ọjọ́ kan nu káàdì náà bí Alátùnṣe ṣe wí, torí 83°C kò dára fún un.

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Nínú igbó tí ó ti wà ní 98 ńkọ́? Overclock á ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Wáàtì_Kékeré
Mọ́nítọ̀ rẹ̀ kò lè fi ju 60 hàn, ó sì ti ń rí 60 nínú igbó. Kí ni ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́?

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Ó lè ra mọ́nítọ̀ oní-144 Hz lọ́la.

Wáàtì_Kékeré
Pẹ̀lú owó wo?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_88
Alátùnṣe, mo fẹ́ béèrè tèmi. Wọ́n fẹ́ ta RX 580, káàdì géèmù ti AMD, fún mi, ṣùgbọ́n páwà pákì mi kò ní orí oní-pín-ìnnì 8. Ẹni tó ń tà á ní òun á fún mi ní wáyà tó ń so orí iná háàdì dísìkì pọ̀ di oní-8. Ṣé ó dára?

Alátùnṣe_Ìkẹjà
Kò dára rárá. 185 W ni AMD kọ fún RX 580, 75 W péré ni ihò bọ́ọ̀dù lè fún un, gbogbo ìyókù á sì gba inú wáyà tín-ín-rín yẹn kọjá. Mo ti rí èyí tí rọ́bà rẹ̀ yọ́ mọ́ ihò káàdì tí a ní láti fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Ra páwà pákì tó ní orí oní-8 tirẹ̀ lára kí o tó ra káàdì náà.

Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì
Mẹ́mórì RX 580 náà máa ń gba àfikún dáadáa o.