Ẹni tó ń tẹ̀wé ló ni shift

Ní èrò tèmi, ẹni tó ń tẹ̀wé ló ni shift, ìyẹn bọ́tìnì tó ń sọ lẹ́tà kékeré di lẹ́tà ńlá, kì í ṣe app. Bí èèyàn bá ti fi ìka ara rẹ̀ tan lẹ́tà ńlá lórí kíbọọ̀dù ojú fóònù, tàbí tó fi ìka ara rẹ̀ pa á, app kò gbọdọ̀ yí i padà mọ́ títí tí onítọ̀hún yóò fi kọ lẹ́tà tó ní lọ́kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe kíbọọ̀dù ń fojú fò nìyí, tí wọ́n wá ń lo gbogbo àkókò wọn lórí àwọ̀ àti emoji, bẹ́ẹ̀ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, irú èyí tí Remington gbé jáde ní ọdún 1878, ọwọ́ ń mọ shift lára. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń sún apá tó gbé ìwé dání kúrò ní àyè rẹ̀, kí lẹ́tà ńlá tó wà lórí irin kan náà pẹ̀lú lẹ́tà kékeré lè ba ìwé. Bó bá sì gbọ́wọ́ kúrò, gbogbo rẹ̀ á padà sípò. Ó gba agbára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ṣe bọ́tìnì tó ń dè é mọ́lẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà ńlá lọ gbọọrọ. Gíláàsì fóònù kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojú nìkan la fi ń mọ ipò tí shift wà. Síbẹ̀, títí di ìgbà tí iOS 9, ìyẹn ètò tó ń darí iPhone, jáde ní ọdún 2015, lẹ́tà ńlá ló máa ń wà lójú bọ́tìnì kíbọọ̀dù iPhone nígbà gbogbo, yálà shift tàn tàbí kò tàn, ọfà kékeré kan ṣoṣo ni èèyàn sì fi ń mọ ìyàtọ̀.

Ipò mẹ́ta ni gbogbo wa mọ̀: shift kò tàn, ó tàn fún lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí caps lock ti dè é mọ́lẹ̀ kí gbogbo lẹ́tà lè máa jáde ní ńlá. Ẹ̀kẹrin wà tó jọ èkejì lójú, ìyẹn èyí tí app fúnra rẹ̀ tàn nítorí pé gbólóhùn tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí app kò bá pààlà sáàárín méjèèjì, wàhálà dé. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà "iPhone" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀. App ti tan shift sílẹ̀ dè é, ó tẹ̀ ẹ́ láti pa á, ó wá ṣèèṣì tẹ o dípò i, ó sì pa á rẹ́. Bó ṣe pa á rẹ́ báyìí, app tún rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nìyí, ó tún tan shift. Onítọ̀hún tẹ i, I ló jáde. Ó ń bíni nínú gan-an. Ohun tó yẹ kí app ṣe kò ju kó máa rántí ẹni tó yí shift padà kẹ́yìn, kó sì jẹ́ kí ìpinnu yẹn dúró títí onítọ̀hún yóò fi kọ lẹ́tà tó ní lọ́kàn.

Títẹ̀ shift lẹ́ẹ̀mejì láti dè é ló gba àròjinlẹ̀ jù. Nínú àpẹẹrẹ kíbọọ̀dù tí Android ṣe fún àwọn tó ń kọ app nígbà kan, mílísẹ́kọ́ńdù 800 ni àyè tó wà láàárín títẹ̀ méjèèjì. Lójú mi, ó ti pọ̀ jù, nítorí pé ẹni tó tan shift, tó yí èrò padà, tó sì tún tẹ̀ ẹ́ kó lè pa á, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Caps lock ni yóò bá pàdé níbi tó ti ń wá lẹ́tà kékeré. Ìdajì iye yẹn tó. Bí lẹ́tà kankan bá sì ti wọ àárín, kí app gbàgbé títẹ̀ àkọ́kọ́ pátápátá, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè kọ lẹ́tà ńlá méjì tẹ̀lé ara wọn láìfẹ́ kí ohunkóhun dè.

Ti páásíwọ́ọ̀dù àti àdírẹ́sì ímeèlì kò gba àríyànjiyàn: kí app má tan shift níbẹ̀ rárá. Àwọn lẹ́tà tó fara pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnì lẹ́tà mìíràn ńkọ́? Bí shift bá tàn, tí èèyàn di E mú, Ẹ ló yẹ kó yọ, kì í ṣe ẹ; bẹ́ẹ̀ náà ni kíbọọ̀dù èdè Tọ́kì gbọ́dọ̀ sọ i di İ.

Fún ẹni tí kò ríran, tó jẹ́ pé ohùn fóònù ló fi ń tẹ̀wé, àwọ̀ ọfà kò wúlò. Kí ohùn náà sọ ọ́ ketekete bóyá lẹ́tà kan ni shift tàn fún tàbí caps lock ti wọlé, bó bá sì jẹ́ pé app ló dá a tàn, kó sọ ìyẹn náà.